Àmì Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má kọ ohun tí wọn kò bá rí, mi ò sì ní fi ọjọ́ ogbó mi ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ẹni mẹ́ta ló rí i. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi ń fà, ẹ fara dà á fún mi. Ó ti rẹ̀ mí.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni mo máa ń rántí. Ọmọ mi obìnrin ti ibi iṣẹ́ dé, ó sì dúró jẹun nínú ilé ìdáná. Kì í jókòó bí aṣọ iṣẹ́ bá wà lọ́rùn rẹ̀. Eruku ọ̀dà wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó. Ó ní rárá, àga á dọ̀tí. Ó bu omi mu, ó wá kọjú sí mi.

"Bàámi, ẹ gbé Ìyálé wá lọ́jọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí?"

"Òun náà ni. Mo ti gba yàrá tí a ti ń kun ọkọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan. Èmi àti ẹ̀yin la jọ máa ṣe é."

Ìyá rẹ̀ pòṣé. "Ẹ ò rí nǹkan. Ẹ fẹ́ lọ wọ aṣọ tuntun fún ìyálé mi, èmi ìyàwó kékeré wà nínú àkísà."

"Màámi, ẹ ní sùúrù. Tí a bá ti ṣe tìyálé tán, ó kan yín. Ọ̀dà tiyín náà kúkú ti ń bó."

Ìyá rẹ̀ ju aṣọ ìnuwọ́ lù ú. Ó yẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọ abọ́ rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Mo padà sídìí ìwé tí mò ń kà.

Ìyálé kì í ṣe èèyàn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, alága méjì, irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eré sísá. Ó kúrú nílẹ̀, imú rẹ̀ gùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rà á ní tuntun kó tó lọ sí òkè òkun, tó sì fà á lé mi lọ́wọ́. Mi ò tíì níyàwó nígbà náà. Nígbà tí ìyàwó mi wọlé, ó bá a níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Ìyálé. Ó ní ẹni tí òun bá bá nílé, ìyálé òun ni, ì báà ní ẹsẹ̀, ì báà ní táyà. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi fọ̀ ọ́. Àwọ̀ aró ni. Oòrùn ti pa á, ó ti ṣá, ṣùgbọ́n kò kọlu nǹkan kan rí, nǹkan kan kò sì kọlù ú. Láti ọjọ́ tó ti jáde ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹnikẹ́ni kò tún un kùn. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, orí ń fọ́ ọmọ mi. Ó ní òun á sùn díẹ̀. Agogo méjì ọ̀sán ni. Kò jí mọ́. Dókítà sọ pé iṣan kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Òun nìkan la bí.

Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ọ̀gá rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ọ̀gá Rọra ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí pé "rọra" ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá."

"Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ni. Mo sún ọ̀sẹ̀ rẹ̀ síwájú, mi ò pa á rẹ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé mi. Ọjọ́ Àìkú márùn-ún ló fi ṣiṣẹ́ fún mi kó tó rí yàrá náà gbà."

"Ẹ fún ẹlòmíràn."

"Kò ṣeé fún ẹlòmíràn. Tíṣà, mi ò mọ bí mo ṣe máa fún ẹlòmíràn."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó ń ká aṣọ. Kò gbójú sókè.

"Ẹ fi Ìyálé sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Ó wù ú kí a ṣe é."

"Mo mọ ohun tó wù ú. Èmi ni mo bí i. Ẹ máa lọ. Ẹ má ṣáà ní kí n bá yín débẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ bí ọmọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kí wọ́n tó kun ọkọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí irin rẹ̀ ti jìn wọnú, bó ti wù kó kéré tó, torí ọ̀dà tó bá ń dán máa ń tú àṣírí. Ojú kì í rí irú ibẹ̀. Ọmọ mi á fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀, á di ojú, á máa fi ọwọ́ náà ra irin lọ ra á bọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ á ní, "Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ibi tó bá ti jìn, á fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé fa òbìrí róbótó yí i ká. Àwọn yòókù ń lo ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́ẹ̀dì ni tirẹ̀. Kì í sì í pa òbìrí náà dé. Á fi ẹnu kékeré kan sílẹ̀ lápá òsì. Mo bi í léèrè rí.

"Kí àbùkù náà lè rọ́nà jáde ni, bàámi."

Bí ibẹ̀ bá jìn gan-an, á kọ "tún wò" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kéré, á kọ "kò burú." Lẹ́tà k rẹ̀ máa ń na ẹsẹ̀ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń bá a jà lórí k yẹn. Òun ló borí.

Ọjọ́ Ajé ni mo gbé Ìyálé lọ. Yàrá ìkùnkọ̀ náà funfun láti òkè délẹ̀. Kò ní fèrèsé. Iná gígùn mẹ́rin ló wà lókè rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn, ariwo ìta á tán pátápátá. Wọ́n ti wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde. Mo ń gbọ́ èémí ara mi.

Àwa méjèèjì la ṣe é. A tú bọ́ńpà, a tú iná, a tú ọwọ́ ilẹ̀kùn, a fa rọ́bà yọ létí gíláàsì. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a tún fi oògùn tó ń bó ọ̀rá nù ún. A fi tépù lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gbogbo gíláàsì títí a kò fi rí inú rẹ̀ mọ́.

"Rọra, Tíṣà. Ẹ̀ ń fa tépù bí ẹni ń fa etí ọmọ iléèwé."

"Bí mo ṣe ń fa etí wọn nìyẹn, wọ́n sì yege."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ṣì lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ta oògùn tó ń bó ọ̀dà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. A jókòó, a ń wò ó. Oògùn náà kì í pariwo. Ọ̀dà kàn bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ, ó ń wú, ó ń gbé ara rẹ̀ kúrò lára irin. Ọ̀gá fi abẹ pẹlẹbẹ kó o kúrò létí kan, ó pè mí kí n wá wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

"Aró. Pupa tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, irin. Kò sí ìkẹrin. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, ojú kankan ò tíì rí irin yìí."

Ó kó ìyókù kúrò. Ó da omi lé e, ó fi aṣọ nù ún. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Tíṣà."

"Ọ̀gá."

"Ẹ wá wo nǹkan."

Àmì kan wà lára irin. Ó fẹ̀ tó ẹnu ife. Òbìrí ni. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ eérú, ó ń dán díẹ̀ bí lẹ́ẹ̀dì ti máa ń dán. Ẹnu kékeré kan wà lápá òsì rẹ̀ tí kò padé.

Ọ̀gá fi èékánná tọ́ ọ wò. "Kì í ṣe ibi tí nǹkan ti ha á."

Mo tẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ó fi aṣọ bo ọwọ́ rẹ̀. Ó di ojú. Ó ra ibẹ̀ lọ, ó rà á bọ̀. Ó pẹ́.

"Ó jìn níbẹ̀," ó wí. "Bí ìbú irun orí."

"Ọ̀gá."

"Ṣé ó ti gbé ọkọ̀ yìí wá síbí rí? Nígbà tí mi ò sí nílé?"

"Kò gbé e wá rí."

"Ṣé ó bó o nílé?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bó o."

Ó wo abẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo òkìtì ọ̀dà tó wà nílẹ̀. Àmì méjì mìíràn wà níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Méjèèjì lanu sí apá òsì.

Kó tó tilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ òfin fún mi. Irin tó bá wà ní ìhòòhò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ lásán tó láti mú un dípẹtà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, a gbọ́dọ̀ kùn ún ní púráímà, ọ̀dà eérú tí wọ́n máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀. Púráímà kì í sì í di irin tó bá ní lẹ́ẹ̀dì lára mú. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oògùn nù ún.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Tíṣà."

Nígbà náà ni mo mọ ohun tí mo ń fi ọ̀sẹ̀ náà ṣe. Mò ń wá ọmọ mi rí lábẹ́ ọ̀dà, mo sì gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ kí Ọjọ́ Ẹtì tó tán. Bí mo bá kọ̀, ìpẹtà á bá mi pa á rẹ́. Mo ya àwòrán àwọn àmì náà sórí fóònù. Wọ́n hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ni àwòrán jẹ́? Ẹni tó bá rí i á ní èmi ni mo fi lẹ́ẹ̀dì fà á.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣe àṣìṣe méjì.

Èkínní, mo dá gbé ìdérí bùútù tí a ti tú. Ó yẹ kí n ké sí ọ̀gá. Ó yọ̀ lọ́wọ́ mi, etí rẹ̀ kan òrùlé ọkọ̀ náà gbì. Ọ̀gá sáré dé.

"Rọra! Ṣé mi ò ní kí ẹ rọra?"

"Ẹ má bínú."

Ó wo ibẹ̀. Ihò kékeré kan ti wà lára òrùlé, bí ibi tí wọ́n ti fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹ̀fun pípò. Ọ̀dà ibẹ̀ kò là. Àwọ̀ aró náà ṣì bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ní kí n jókòó, kí n sinmi. Mo jókòó. Ó ń tijú wò mí, èmi náà ń tijú wò ó.

Èkejì, nígbà tó lọ jẹun. A ti bó ọ̀dà ara fẹ́ńdà méjèèjì, àmì mẹ́rin sì ti yọ. Èmi nìkan ló wà nínú yàrá funfun náà. Kò sí ìró kankan. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ọ̀kan nínú àwọn àmì náà. Irin náà tutù. Mo fi ọwọ́ síbẹ̀ títí ó fi gbóná.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá, mo sì wọ ìbọ̀wọ́ mi padà. Mi ò sọ fún un.

Nígbà tí a dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ pupa kan wà lára fẹ́ńdà. Ìka márùn-ún. Ìpẹtà ni. Ó ti jẹ àmì lẹ́ẹ̀dì náà dé ìdajì.

"Ta ló fọwọ́ kan irin?"

"Èmi ni."

"Láìsí ìbọ̀wọ́?"

"Láìsí ìbọ̀wọ́."

Ó mí kanlẹ̀. "Iyọ̀ wà lára èèyàn, Tíṣà. Ẹ̀bi mi ni. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ọmọ yín lọ́jọ́ tó débí nìyẹn, mi ò wá kọ́ bàbá rẹ̀."

Ó mú sáńpépà. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹrin péré. Ọwọ́ náà lọ, àmì náà bá a lọ. Irin ibẹ̀ wá mọ́ tónítóní.

Ọjọ́rú la bó òrùlé.

A jọ ta oògùn sí i. A kàn ń dúró. Ọ̀dà wú. Ọ̀dà hunjọ. Ọ̀gá kó o kúrò láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó dé ibi tí mo ṣá lọ́gbẹ́ lánàá. Ó da omi lé e.

Òbìrí wà yí ihò náà ká.

Ó yí i ká geerege. Ihò wà láàárín gan-an, bí ẹyin ojú. Ẹnu rẹ̀ kọjú sí òsì. Ọ̀rọ̀ méjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wínníwínní.

Kò burú.

Ẹsẹ̀ lẹ́tà k náà gùn dé abẹ́ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá Rọra gbé abẹ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde. Mo gbọ́ tó tan ẹ̀rọ omi níta, mo sì gbọ́ omi tó ń dà fún ìgbà pípẹ́. Èmi dúró. Mo ń ṣe ìṣirò bí mo ṣe máa ń ṣe é fún àwọn ọmọ iléèwé, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ra ọkọ̀ yìí kí n tó gbéyàwó. Ọ̀dà àkọ́kọ́ ló wà lára rẹ̀. Ọmọ mi ti lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ó lé. Ihò yìí, àná ni mo dá a, ní agogo mọ́kànlá, ẹlẹ́rìí rí i, lórí ọ̀dà tí kò là. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ní ìdáhùn.

Nígbà tí ọ̀gá wọlé, ojú rẹ̀ tutù.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ kí a bó ilẹ̀kùn ọ̀tún?" ó béèrè. A ti bó bùútù àti ilẹ̀kùn òsì, a ò rí àmì kankan lára wọn; òun nìkan ló kù.

"Lọ́la."

Ìyàwó mi wà nídìí tábìlì nígbà tí mo délé. Mo fi àwòrán hàn án. Ó wò ó, ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́?"

"Èmi kọ́."

"Ẹ búra."

"Mo búra."

Ó da fóònù náà dojú bolẹ̀. A jókòó. Fíríìjì ń kùn, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

"Ẹ̀yin ló kọ ọ́ sí," ó wí. "Ibi tí ẹ ti ṣe àṣìṣe, ó ní kò burú. Ṣé ó kọ nǹkan sí mi?"

Mo ní, "Ilẹ̀kùn ọ̀tún ló kù."

Ìhà ọ̀tún ni ìyàwó mi máa ń jókòó sí. Nígbà tí ọmọ wà ní kékeré, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọmọ máa ń wà. Àga méjì péré ni Ìyálé ní.

"Mo ń bọ̀ lọ́la," ìyàwó mi wí.

Ó wá lóòótọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá funfun náà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní kó bọ́ ọ. Ó kí ọ̀gá. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún un, àgbà ọkùnrin tó ju ọgọ́ta ọdún lọ, lórí ilẹ̀ tútù.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Aṣọ yín á rin."

Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. Ní ibi òrùlé, ó dúró.

"K rẹ̀ nìyẹn," ó wí. Kò sunkún. "Ẹ bó ilẹ̀kùn."

Ọ̀gá ta oògùn sí i. Àwa mẹ́ta la dúró. Mo ń wo ẹsẹ̀ ìyàwó mi lórí kọnkéré, bí ó ṣe ń fi ìka ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì. Ó ń bẹ̀rù pé kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi ń bẹ̀rù méjèèjì, kó wà àti kó má sí.

Ọ̀dà ṣí kúrò. Omi dà lé e.

Òbìrí kan ṣoṣo ló wà. Ó fẹ̀ ju gbogbo èyí tí a ti rí lọ, ó tó ẹnu àwo ìjẹun. Ẹnu rẹ̀ lanu sókè. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá fi aṣọ bo ọwọ́. Ó di ojú. Ó rà á lọ, ó rà á bọ̀. Ó gbé rúlà irin kalẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò bóyá ìmọ́lẹ̀ á gba abẹ́ rẹ̀.

"Ó tẹ́jú," ó wí. "Kò jìn rárá. Mi ò mọ ìdí tó fi fàmì sí i."

Ó gbé aṣọ fún mi. Mo wò ó pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ó tẹ́jú bí omi inú abọ́.

"Ẹ fún mi," ìyàwó mi wí.

Kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ó fi aṣọ náà bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó di ojú bí ó ti rí wa tí a ṣe. Ó gbé ọwọ́ lé inú òbìrí náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, bí èjìká ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń wọlé síbì kan.

"Ó jìn," ó wí.

Ọ̀gá wò mí.

"Báwo ló ṣe jìn tó?" mo béèrè.

"Ẹ má bi mí."

Ó fi ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́. Mo gbọ́ bí iná òkè ṣe ń kùn wínníwínní. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin, ó dá a padà fún ọ̀gá.

"Ẹ kùn ún," ó wí.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n dúró dọ̀la, ìyáa wa?"

"Bí ẹ bá dúró dọ̀la, mi ò ní gbà mọ́. Ẹ kùn ún."

Ọ̀gá da oògùn sára aṣọ funfun mẹ́ta. Ó nu bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà. Ó ní òrùlé kù fún mi. Mo nù ún. Ẹsẹ̀ lẹ́tà k ló gbẹ̀yìn. Ìyàwó mi nu ilẹ̀kùn ọ̀tún fúnra rẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sùn. Lẹ́yìn náà, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọ̀gá dí gbogbo ibi tó jìn, títí kan ihò tí mo dá, ó fá a tẹ́jú. Ó fọ́n púráímà sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyálé di eérú.

Ọjọ́ Ẹtì ló yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìrọ̀rùn. Bí púráímà bá ti gbẹ, wọ́n máa ń fọ́n ọ̀dà dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e bí èéfín, wọ́n á wá fi sáńpépà àti omi fá a. Ibi tó bá tẹ́jú, dúdú á lọ. Ibi tó bá jìn, dúdú á kù síbẹ̀, torí sáńpépà kò kàn án. Iṣẹ́ náà kì í purọ́.

A fá bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dúdú lọ. A fá òrùlé. Dúdú lọ. A fá fẹ́ńdà méjèèjì, bùútù àti ilẹ̀kùn òsì. Wọ́n mọ́.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fá ilẹ̀kùn ọ̀tún. Dúdú lọ ní òkè, ó lọ nísàlẹ̀, ó lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ibì kan kù láàárín, ó tó àtẹ́lẹwọ́ obìnrin. Ó fá a. Kò lọ. Ó pààrọ̀ sáńpépà, ó da omi sí i, ó tún fá a. Gbogbo àyíká rẹ̀ ń fúyẹ́, ibẹ̀ dúdú bákan náà. Ó gbé rúlà lé e, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ìmọ́lẹ̀ kò gba abẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ rà á. Ó fi sáńpépà fá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dúró.

"Rúlà ní kò jìn," ó wí. "Ọwọ́ mi ní kò jìn. Dúdú ní ó jìn."

"Èwo la máa gbà gbọ́?"

"Tíṣà, ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí." Ó fi sáńpépà náà sínú garawa omi. "Ẹ máa gbé e lọ sílé. Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Ọ̀gá ń pè wá. Ó ní púráímà ń mu omi, pé kí a tètè gbé e padà wá kó lè gba ọ̀dà gidi, kí ìpẹtà má baà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní a ń bọ̀. Òun náà kì í rọ̀ mí jù.

Láràárọ̀, ìyàwó mi máa ń ká tapólì tí a fi bo Ìyálé sókè díẹ̀ níhà ọ̀tún, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi dúdú náà fún ìgbà díẹ̀, á tún wálé wá gbé omi kaná. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbé ọwọ́ tèmi síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó tẹ́jú.

Ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn ilé wa. Eérú ni gbogbo ara rẹ̀, àfi ibì kan lára ilẹ̀kùn ọ̀tún tó dúdú.